Ṣíṣètò VVT lórí ẹ́ńjìnnì onítọ́bò: ibi tí prẹ́ṣọ̀ ìwọlé àti ti ìjáde ti kọjá ara wọn

VVT ni ẹ̀rọ tó ń yí àkókò káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) padà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; tọ́bò ni fáànù tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Máàpù VVT, ìyẹn tábìlì tó ń sọ ibi tí káàmù máa dúró sí, tó wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onítọ́bò, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbà á. Ọkọ̀ náà á rìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ iye agbára tó ń ṣòfò níbẹ̀, tàbí bí ẹ́ńjìnnì ṣe súnmọ́ nọ́ọ̀kì (bíbú epo fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà) tó. Ẹ́ńjìnnì méjì tó jẹ́ irú kan náà, tí tọ́bò wọn kò dọ́gba, kò lè lo máàpù káàmù kan náà kí méjèèjì sì tẹ́ni lọ́rùn. Ohun tó ń pinnu ibi tó yẹ kí káàmù ìwọlé dúró sí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín prẹ́ṣọ̀ mánífóòdù (páìpù ẹlẹ́ka tó so mọ́ orí ẹ́ńjìnnì) ìwọlé àti prẹ́ṣọ̀ mánífóòdù ìjáde kí èéfín tó dé tọ́bò. Ẹni tó bá mọ rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tí prẹ́ṣọ̀ méjèèjì ti kọjá ara wọn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà. Nígbà tí písítìn ń ti èéfín jáde lọ sókè, fáàfù ìjáde kò tíì tì tán tí fáàfù ìwọlé fi ń ṣí. Ìgbà kúkúrú tí méjèèjì jọ wà ní ṣíṣí yìí ni màá máa pè ní ìjọṣí. Tí ẹ bá fa káàmù ìwọlé síwájú, fáàfù ìwọlé á tètè ṣí, ìjọṣí á sì gùn sí i. Àmọ́ fáàfù yẹn kan náà á tún tètè tì. Iṣẹ́ méjì ni ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, wọn kì í sì í fà sọ́nà kan náà nígbà gbogbo.

Títì ni ká kọ́kọ́ mú. Ní rpm kékeré, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò ní eré púpọ̀. Tí fáàfù ìwọlé bá pẹ́ kó tó tì, písítìn tó ti ń gòkè á ti apá kan nínú afẹ́fẹ́ náà padà sínú mánífóòdù. Fífa káàmù síwájú ló ń dí ibẹ̀. Ní rpm gíga, eré afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé ó ṣì ń wọlé bí písítìn tilẹ̀ ti yí padà sókè, nítorí náà fáàfù tó pẹ́ díẹ̀ kó tó tì ló ń kún sílíńdà jù.

Ìjọṣí ni ti tọ́bò ti yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò. Ká ní ní 3000 rpm, prẹ́ṣọ̀ ìwọlé jẹ́ 180 kPa, ti ìjáde sì jẹ́ 150 kPa. Afẹ́fẹ́ tútù á gba inú sílíńdà kọjá, á gbá èéfín tó ṣẹ́ kù jáde, sílíńdà á tutù, nọ́ọ̀kì á jìnnà, afẹ́fẹ́ tó sì ń lọ sínú tọ́bò á pọ̀ sí i, tọ́bò á tètè yí. Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì kan náà lọ sí 6500 rpm, kí ìwọlé jẹ́ 200 kPa, kí ìjáde jẹ́ 320 kPa. Ìjọṣí kan náà ti di ọ̀nà tí èéfín gbígbóná ń gbà padà wọlé. Afẹ́fẹ́ tútù kò ráyè mọ́, ohun tó wà nínú sílíńdà gbóná kí pọ́ọ̀gì tó tanná, nọ́ọ̀kì sì dé. Ìfàsíwájú dígírì 40 tó dára ní rpm kékeré á máa pa agbára ní rpm gíga.

Bí a ṣe ń wọn prẹ́ṣọ̀ ìjáde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo èyí, mi ò sì mọ ìdí, nítorí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kan tó bá bàjẹ́. Ẹ lu ihò onísíkírúù 1/8 NPT sí ibi tí páìpù mánífóòdù ìjáde ti pàdé, tàbí kí ẹ lo ihò sẹ́ńsọ̀ ìgbóná èéfín tó bá ti wà níbẹ̀. Ẹ so páìpù irin tín-ín-rín tó fẹ̀ tó nǹkan bíi milimítà 6 mọ́ ọn, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ sì lọ́ ọ kó ká. Gígùn yìí ló ń mú èéfín tutù kó tó dé rọ́bà sílíkónì àti sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ MAP (èyí tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ mánífóòdù) oníbáà 4 tó. Ẹ gbé e ga ju ihò náà lọ, kí omi inú èéfín má baà kó jọ sínú rẹ̀.

Kí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì máa ka prẹ́ṣọ̀ láti òfìfo pátápátá. Tí ọ̀kan bá ń kà láti òfìfo, tí èkejì ń kà láti prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ àyíká, nǹkan bíi 100 kPa ni ẹ máa fi ṣìnà, ẹ ó sì ní ẹ ti rí ibi ìkọjá ní ibi tí kò sí rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi prẹ́ṣọ̀ ìwọlé pín ti ìjáde. Níbi tí èsì bá ti wà lábẹ́ 1, ìjọṣí ń ṣiṣẹ́ fún yín. Bó bá ti kọjá 1, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Bó bá fi dé 1.5 sókè, ẹ má ṣe retí èrè kankan lára ìjọṣí níbẹ̀, kí káàmù ìwọlé máa padà sẹ́yìn.

Ohun kan wà tí nọ́ńbà yìí ń fi pamọ́. Sẹ́ńsọ̀ náà ń fún yín ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ èéfín kì í ṣàn gẹ́ẹ́rẹ́, ń ṣe ló ń jáde ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 tó ń jó ní ètò 1-3-4-2, ìgbà tí sílíńdà 1 wà ní ìjọṣí gan-an ni sílíńdà 3 ń ṣí fáàfù ìjáde tirẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ń bú jáde. Bí mánífóòdù bá pa gbogbo wọn pọ̀ sójú ihò kan, prẹ́ṣọ̀ ti sílíńdà 3 yìí á lọ bá sílíńdà 1 ní ẹnu fáàfù, ìpíndọ́gba ì báà tilẹ̀ dára. Tọ́bò onílé méjì (twin-scroll), tó kó 1 pẹ̀lú 4, 2 pẹ̀lú 3, ló ń yanjú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú tọ́bò bẹ́ẹ̀ fi ń gba ìjọṣí púpọ̀ títí dé rpm tó ga ju bí nọ́ńbà nìkan ṣe máa dámọ̀ràn.

Ohun tó yẹ kó dá yín lójú kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Ọ́ìlì ló ń ti ẹ̀rọ VVT. Tí ọ́ìlì bá dọ̀tí, tàbí tó ki ju ohun tí olùṣe ẹ́ńjìnnì sọ lọ, kò sí máàpù tó máa gbà á là. Ẹ yọ sọlẹ́nọ́ìdì ọ́ìlì (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì lọ sí VVT), kí ẹ wo fílítà kékeré aláwọ̀n tó wà nídìí rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota oní-VVT-i, ríṣísítáǹsì sọlẹ́nọ́ìdì yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.9 sí 7.9 ohm ní 20°C. Tí ẹ bá fún un ní iná bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní àìdúlù (láìtẹ tọ́tù), ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n tàbí kó kú. Bí kò bá yí padà rárá, sọlẹ́nọ́ìdì ti há, tàbí ọ̀nà ọ́ìlì ti dí.

Kóòdù tí ECU (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) bá gbé jáde ní ìtumọ̀ tirẹ̀. P0010 jẹ́ ti wáyà sọlẹ́nọ́ìdì. P0011 ní káàmù ti lọ síwájú jù, P0012 ní ó ti pẹ́ sẹ́yìn jù. P0016 ní káàmù àti kíráńkì (ọ̀pá ńlá tí písítìn ń yí) kò bá ara wọn mu, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ ṣéènì tó ti fà tàbí bẹ́líìtì tó ti fo eyín. Lórí púlì káàmù eléyín 48, eyín kan jẹ́ dígírì 7.5 ti káàmù, ìyẹn dígírì 15 ti kíráńkì. Ẹ rí i pé àṣìṣe eyín kan ṣoṣo tó láti ba gbogbo máàpù jẹ́.

Nítorí èyí, ẹ wádìí bóyá dígírì káàmù ni sọ́fítíwíà yín ń kọ ni tàbí ti kíráńkì. Dígírì 1 káàmù jẹ́ 2 kíráńkì. Ti kíráńkì ni gbogbo nọ́ńbà ìfàsíwájú tí mo kọ síbí. Kí ẹ tún rí i pé nígbà tí VVT wà ní ìsinmi, ECU ń ka 0 gan-an. Tó bá ń ka 4, ẹ tún òdo náà ṣe kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ káàmù, tàbí tí ẹ ti gé orí ẹ́ńjìnnì, tàbí tí gásíkẹ̀ẹ̀tì orí ti fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti písítìn. Fáàfù ìwọlé máa ń súnmọ́ písítìn jù ní nǹkan bíi dígírì 10 lẹ́yìn TDC (ibi tí písítìn ga dé jù), ti ìjáde ní nǹkan bíi dígírì 10 ṣáájú rẹ̀. Ẹ fa káàmù ìwọlé dé òpin iwájú, kí ẹ há a síbẹ̀, kí ẹ tó wọn ọ́n. Tí káàmù ìjáde náà bá ní VVT, òpin ẹ̀yìn ni ẹ ti máa wọn tirẹ̀. Kí milimítà 2 ó kéré tán ṣẹ́ kù fún ìwọlé, 2.5 fún ìjáde, nítorí fáàfù ìjáde máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Bí àlàfo kò bá tó, ẹ fi irin dí ìrìn VVT fúnra rẹ̀. Kíkọ ààlà sínú sọ́fítíwíà nìkan kò tó, torí ọjọ́ tí sọlẹ́nọ́ìdì bá há ní ṣíṣí, káàmù á lọ dé òpin, kò ní béèrè lọ́wọ́ ECU.

Kí VVT máa tẹ̀ lé àṣẹ

Kí ẹ tó wá agbára, ẹ rí i pé káàmù ń lọ síbi tí ẹ bá rán an. Mú ẹ́ńjìnnì gbóná títí ọ́ìlì á fi kọjá 80°C. Dúró ní 2500 rpm, pàṣẹ 0, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 0 padà, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ rán an, ibi tó dé, àti ìdá PWM (ìdá àkókò tí iná fi wà lórí sọlẹ́nọ́ìdì). Ó yẹ kó dúró láàárín dígírì 1 sí 2 sí ibi tí ẹ rán an. Bó bá ń fò kọjá ju 3 lọ kó tó padà, ẹ dín P (bí ECU ṣe ń fèsì sí àṣìṣe tó) kù. Bó bá ń dúró dígírì mélòó kan sẹ́yìn láìdé ibẹ̀, ìdá PWM ìdúró ni kò tọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ètò, ó máa ń wà nítòsí 50%, ó sì máa ń yí díẹ̀ bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ máa ki I (àtúnṣe tó ń kó jọ díẹ̀díẹ̀) lé e lórí títí káàmù á fi máa yí síwá sẹ́yìn bó bá dé àìdúlù.

Bí ọ́ìlì kò bá tíì tó 60°C, ẹ jẹ́ kí káàmù wà ní òdo. Ní àìdúlù pẹ̀lú ọ́ìlì tó gbóná janjan, prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì lè má tó láti di VVT mú, nítorí náà ẹ má ṣe pàṣẹ ohunkóhun tó ju dígírì díẹ̀ lọ lábẹ́ 1000 rpm.

Lórí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀

Ẹ fi MAP (prẹ́ṣọ̀ ìwọlé) ṣe ìlà kan nínú máàpù káàmù, kì í ṣe ìwọ̀n títẹ tọ́tù. Lórí ọkọ̀ onítọ́bò, tọ́tù tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 2500 rpm lè túmọ̀ sí 110 kPa tàbí 180 kPa, káàmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ kò jọra.

Ẹ kọ́kọ́ tún epo ṣe pẹ̀lú káàmù ní 0. Ẹ yọ dígírì 3 sí 4 kúrò nínú táìmìn pọ́ọ̀gì, nítorí bí sílíńdà bá ṣe ń kún sí i ni àyè nọ́ọ̀kì ń dín kù. Ẹ pa sọlẹ́nọ́ìdì búùstì (prẹ́ṣọ̀ tí tọ́bò ń fi kún afẹ́fẹ́), kí wastegate (fáàfù tó ń jẹ́ kí èéfín yẹ̀ kúrò lójú tọ́bò) dúró lórí sípíríǹgì rẹ̀ nìkan. Bí ECU bá ń lé búùstì kan pàtó nígbà tí ẹ ń yí káàmù padà, ẹ kò ní mọ èyí tó mú agbára wá nínú méjèèjì.

Ẹ wá fi káàmù sójú kan jákèjádò máàpù, kí ẹ sáré: 0, 10, 20, 30, 40, àti 50 bí ẹ̀rọ bá dé ibẹ̀, bíi ti Honda K20. Kí ìgbóná omi àti ti afẹ́fẹ́ ìwọlé dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo eré. Ẹ má ṣe gbé dígírì ńlá lọ dé rpm òkè. Tí tọ́ọ̀kì bá ti wà lábẹ́ ti eré tó ṣáájú, tó sì ń jìn sí i, ẹ gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ padà sí 0, kí ẹ sáré lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìlà náà kò bá bá ti àkọ́kọ́ mu, ìgbóná ti ba ìfiwéra jẹ́, ẹ tún un ṣe.

Ẹ to àwọn ìlà tọ́ọ̀kì lé ara wọn. Ní rpm kọ̀ọ̀kan, èyí tó ga jù ni ẹ máa wò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹ máa mú lójú ẹsẹ̀. Orí ìlà yìí sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ: 25, 30 àti 35 lè wà láàárín 1% ara wọn. Èyí tí ìjọṣí rẹ̀ kéré jù nínú wọn ni mo máa ń mú, torí ọjọ́ tí ooru bá mú ni ẹ máa mọ ìyàtọ̀ wọn. Níbi tí tọ́bò ti ń gbéra, ẹ wo tọ́ọ̀kì àti MAP pa pọ̀. Bí tọ́ọ̀kì bá ga torí pé búùstì tètè dé, èrè gidi ni. Bí MAP bá dọ́gba tí tọ́ọ̀kì ga, sílíńdà ló kún dáadáa sí i.

Fún ẹ́ńjìnnì tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ dígírì 50 pẹ̀lú tọ́bò tí kò tóbi jù, irú àwòrán tó sábà máa ń jáde nìyí: 0 sí 5 ní àìdúlù, 15 sí 25 nígbà tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ ní 40 sí 60 kPa, 35 sí 45 láàárín 2500 sí 4000 rpm pẹ̀lú búùstì, 25 sí 30 ní nǹkan bíi 5000, 10 sí 15 ní 6500, lẹ́yìn náà kó máa bọ̀ wá sítòsí òdo. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí ni pé ibi tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibi tí prẹ́ṣọ̀ méjèèjì ti kọjá ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà sí ara wọn, ọ̀kan nínú ìwọ̀n yín ti ṣìnà. Ẹ má sì jẹ́ kí ilé méjì tó fara kanra nínú máàpù jìnnà ju dígírì 8 sí 10 lọ, torí ní jíà kejì, rpm ń sáré ju káàmù lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún epo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ECU bá ń fi MAP àti rpm ṣírò afẹ́fẹ́, máàpù VE (bí sílíńdà ṣe ń kún tó) tí ẹ ṣe pẹ̀lú káàmù ní 0 ti di asán. Hondata KPro ní máàpù epo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún dígírì káàmù kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá mẹ́wàá, èyí tó dára gan-an, torí nígbà tí káàmù ṣì wà lójú ọ̀nà, epo á bá ibi tó wà gan-an mu. Táìmìn pọ́ọ̀gì ló kẹ́yìn. Ẹ mú dígírì káàmù méjì tó dára jù ní rpm kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dán wọn wò pẹ̀lú táìmìn tí ẹ fi 2 kún àti tí ẹ yọ 2 kúrò. Sílíńdà tí èéfín kù nínú rẹ̀ ń jó lọ́ra, ó ń fẹ́ táìmìn púpọ̀. Èyí tí afẹ́fẹ́ tútù ti gbá mọ́ ń jó kíákíá, ó ń fẹ́ díẹ̀. Bí táìmìn kò bá yí padà, ẹ lè dá káàmù tó dára lẹ́bi.

Lambda tó ń parọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Nígbà tí ìjọṣí bá pọ̀ tí prẹ́ṣọ̀ ìwọlé sì ga ju ti ìjáde, apá kan afẹ́fẹ́ ń gba inú sílíńdà kọjá láìjó. Sẹ́ńsọ̀ lambda, tó ń fi ọ́síjìn inú èéfín mọ bí epo ṣe tó sí afẹ́fẹ́ (lábẹ́ 1, epo ló pọ̀), rí ọ́síjìn rẹ̀, ó sì ní epo kéré. Lórí ẹ́ńjìnnì tó ń fín epo tààrà sínú sílíńdà lẹ́yìn tí fáàfù ìjáde ti tì, gbogbo epo ló kù nínú sílíńdà. Bí 8% afẹ́fẹ́ bá kọjá lọ bẹ́ẹ̀, tí sẹ́ńsọ̀ ka 0.90, ohun tó wà nínú sílíńdà jẹ́ nǹkan bíi 0.83. Ẹni tó bá tún fi epo kún un nítorí ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ á kó èéfín dúdú, pọ́ọ̀gì á dúdú, epo tí kò jó á sì lọ pàdé ọ́síjìn nínú kátálísítì, á sun ún. Lórí ẹ́ńjìnnì tí ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu fáàfù, epo díẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ náà jáde, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ kì í parọ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ jíjó inú páìpù ìjáde ṣì wà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ di rpm àti búùstì mú, ẹ máa fi dígírì 5 kún káàmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe fọwọ́ kan epo. Bí lambda bá ń lọ sókè ṣùgbọ́n tí tọ́ọ̀kì kò gbéra mọ́, afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ ni. Ẹ yọ 3% nínú epo. Bí tọ́ọ̀kì bá dúró bó ṣe wà tàbí tó ga díẹ̀, inú sílíńdà ti ní epo jù tẹ́lẹ̀. Ẹ máa gbọ́ nọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà yìí, kí ẹ sì máa wo ìgbóná èéfín. Ọ̀nà tó dára jù láti jáde kúrò nínú rẹ̀ ni kí ẹ dín ìjọṣí kù ní dígírì 5, kì í ṣe kí ẹ máa bá sẹ́ńsọ̀ jiyàn.

Bí káàmù ìjáde náà bá ní VVT, ẹ parí ti ìwọlé kí ẹ tó kàn án, lẹ́yìn náà ẹ padà wá yẹ ìwọlé wò. Fífa ìjáde sẹ́yìn ń fi kún ìjọṣí, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí fáàfù náà pẹ́ kó tó ṣí, bẹ́ẹ̀ ìbújáde èéfín yẹn ni tọ́bò ń jẹ. Ẹ gbé e ní dígírì márùn-ún márùn-ún, kì í ṣe mẹ́wàá mẹ́wàá.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́ láìsí búùstì, ìjọṣí ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú sílíńdà, ìlàkàkà písítìn láti fa afẹ́fẹ́ á dín kù, epo á sì dín. Ẹ fi kún un títí ẹ́ńjìnnì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀, kí ẹ padà sẹ́yìn ní dígírì 5 sí 8, kí ẹ sì fi táìmìn pọ́ọ̀gì kún un.

Bí ẹ bá wá pààrọ̀ ilé tọ́bò ìhà èéfín sí èyí tó tóbi jù, tàbí tí ẹ la páìpù ìjáde, ibi ìkọjá á sún lọ sí rpm tó ga sí i. Ẹ tún wọn prẹ́ṣọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tún eré 10, 20 àti 30 sá láti 4500 rpm sókè. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì nìkan ni ẹ yí padà sí èyí tó ki tàbí tó fẹ́lẹ́ sí i, máàpù káàmù kò ní láti yí. Ìdá PWM ìdúró ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.